Àjẹ̀ Ọkọ̀ Tó Pín Ilé Wa

Etíkun Augusta, ọjọ́ 19, Oṣù Kẹta, 1909

Ọkọ̀ kò dé. Òní ni Ọ̀gá Ludlow ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí èmi àti Murdo ti mọ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n rán àwa mẹ́rin wá ṣe níhìn-ín, ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé: ká kó òkúta, ká ya àwòrán etíkun, kí ọkọ̀ Constance sì wá kó wa padà kí Oṣù Kejì tó parí. Ní báyìí, yìnyín ti kún ẹnu òkun bí àkúfọ́ àwo nínú ọpọ́n. Ilé Pákó, níbi tí Kapteni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa yòókù wà, ń bẹ ní òdìkejì. Ọkọ̀ kékeré wa kò lè la àárín yìnyín náà kọjá, ìjì kò sì jẹ́ kó dì pọ̀ dáadáa ká lè fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀.

"Nítorí náà, a máa lo ìgbà òtútù níbí," ni Ọ̀gá wí, bí ẹni tó ń sọ pé ibí la ti máa jẹun alẹ́.

Murdo bi í bóyá ó ti sọ etíkun náà lórúkọ. Ó ní òun ti sọ ọ́ ní Augusta, orúkọ ìyá ìyàwó òun.

Nígbà tí a padà sínú àgọ́, Murdo yọ bàtà, ó ń gbọn yìnyín inú rẹ̀ dànù. "Ó mọ ìyá ìyàwó ẹ̀ dáadáa nìyẹn," ló wí.

Ọjọ́ 27, Oṣù Kẹta

A wọ ilé lónìí. Ilé ni mò ń pè é: ògiri òkúta méjì tí kò ga ju ìbàdí lọ, ọkọ̀ wa tí a dojú rẹ̀ dé lé wọn lórí, aṣọ ìgbòkun lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín tí a kó bo gbogbo rẹ̀. Ènìyàn kò lè nàró níbẹ̀. Gbogbo wa ń rákò bí ọmọ oṣù mẹ́jọ. Èéfín fìtílà ọ̀rá ti kun ojú wa dúdú, Loveday ìyàwó mi kò ní dá mi mọ̀ bó bá rí mi.

Ká tó tú àpò ìsùn, Ọ̀gá mú ọ̀kan nínú àjẹ̀ mẹ́rin tí a fi ń wa ọkọ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìbú, láti ògiri dé ògiri.

"Ẹ̀yìn àjẹ̀ yìí, èmi àti Dókítà. Iwájú ẹ̀, Kitto àti Murdo. Ohun tí ẹ bá sọ lọ́dọ̀ yín, àwa ò gbọ́ ọ. Ohun tí a bá sọ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yin náà ò gbọ́ ọ. Ṣó yé yín?"

"Ó yé wa, sà."

"Ẹ lè bú mi bó ṣe wù yín."

"Ẹ ṣeun gan-an, sà," ni Murdo fèsì wéré.

Dókítà Fenwick rẹ́rìn-ín. Bí mo bá na ọwọ́ láti ibi tí mo sùn sí, mo lè fa Dókítà ní irùngbọ̀n. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn òfin náà. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti wà nínú ọkọ̀ ogun ọba, níbi tó jẹ́ pé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló dá ọ̀gá àti atukọ̀ sí méjì. À ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun, wọ́n ń gbọ́ bí a ṣe ń ṣépè. Ẹni tó bá gbọ́n níbẹ̀ máa ń ti etí rẹ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, à bá ti pa ara wa tipẹ́.

Ọjọ́ 6, Oṣù Kẹrin

A pa ajá-òkun mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ẹranko olọ́ràá tó ń ti inú òkun gun orí yìnyín, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹran àti ọ̀rá rèé fún oṣù kan. Ọjà wa, níbi tí a ti ń fi iṣẹ́ ilé ra ṣúgà lọ́wọ́ ara wa, le díẹ̀ ṣá: ṣúgà onígun kan ti di fífọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni lọ́sẹ̀ tó kọjá. Murdo ní ọ̀wọ́n-gógó ti dé Augusta.

Lánàá mo gbọ́, tàbí kí n ní mi ò gbọ́, tí Dókítà ń sọ fún Ọ̀gá pé ọbẹ̀ Kitto dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀gá ní kó má bu ìbọ̀sẹ̀ kù. Lónìí mo gún ọpọlọ ẹran àti ẹ̀dọ̀ sínú ọbẹ̀, mo ta iyọ̀ omi òkun sí i.

"Kitto!" ni Dókítà kígbe. "Ọbẹ̀ tòní yìí yàtọ̀ o. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, sà. Ó kàn wá sí mi lọ́kàn ni."

Murdo dojú kọ ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Òun náà kì í gbádùn ara rẹ̀ tí kò bá tíì sín Ọ̀gá jẹ: bó ṣe ń fi imú ka àdúrà lọ́jọ́ ìsinmi. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ikọ́ á sọ lẹ́yìn àjẹ̀. Bí ẹ̀rín bá gbé wọn lọ́hùn-ún, ikọ́ ni wọ́n máa ń wú. Ikọ́ pọ̀ nínú ilé wa, ara gbogbo wa sì le.

Ọjọ́ 25, Oṣù Kẹrin

Oòrùn kò yọ. A kò ní rí i mọ́ títí di Oṣù Kẹjọ.

Ọjọ́ 16, Oṣù Karùn-ún

Ìjì láti ọjọ́ Ajé. Ẹnikẹ́ni kò lè jáde. Ẹran ti ń tán, Ọ̀gá sì gé bisikíìtì wa sí ìdajì láàárọ̀ yìí. Ó gé tirẹ̀ náà sí ìdajì, mo fojú mi rí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í wo àwo ẹlòmíì dáadáa.

Lẹ́yìn oúnjẹ, inú ń bí Murdo. Ó dùbúlẹ̀, ó ń bá òrùlé sọ̀rọ̀.

"Wò ó, Oníwàásù," ló wí. Nítorí pé mo máa ń kọ orin ìyìn ló ṣe ń pè mí bẹ́ẹ̀. "Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ta ló máa wọ́ ọkọ̀ yìí dé etí omi? Èmi àti ìwọ. Ta ló máa wà á? Èmi àti ìwọ. Jẹ́ kí n sọ fún ọ, bí ọ̀kan nínú wọn bá yarọ, èmi ò ní gbé ọ̀gá kankan pọ̀n. Kí wọ́n fi í síbí, kó máa bá Augusta sọ̀rọ̀!"

Mo ní, "Àmín o."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí tí ikùn fi dùn wá. Mo retí ikọ́ láti ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni kò wúkọ́.

Ọjọ́ 22, Oṣù Kẹfà

Ìdajì òkùnkùn ti kọjá. A ṣe àjọ̀dún lánàá: kòkó tó ki, ṣúgà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tábà díẹ̀. Ọ̀gá ní ká gbé ìkòkò sórí àjẹ̀ kí gbogbo wa lè jẹun pọ̀. A kọrin títí ohùn fi há. Dókítà kọ orin kan tí mi ò lè kọ sílẹ̀ bí Loveday bá máa ka ìwé yìí. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 3, Oṣù Keje

Èmi àti Ọ̀gá lọ wá ẹran lórí yìnyín etí omi. Òṣùpá wà. Yìnyín fọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó rì dé orúnkún. Mo fà á jáde. Ó yẹ ká padà lójú ẹsẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀.

"Ajá-òkun nìyẹn, Kitto. Ṣé o fẹ́ fi í sílẹ̀?"

Òótọ́ ni, ajá-òkun ńlá kan wà níwájú wa. A pa á, a bó o, a fa ẹran rẹ̀ wálé. Iṣẹ́ náà pẹ́. Nígbà tí a délé, bàtà rẹ̀ ti dì bí irin, ọ̀bẹ la fi là á. Ó wọlé sẹ́yìn àjẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo bi í bóyá ó ń mọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lára.

"Gbogbo wọn pé," ló wí.

Ọjọ́ 6, Oṣù Keje

Ọ̀gá ń tiro. Ó ní òun fi ẹsẹ̀ rọ́ ni.

Ọjọ́ 11, Oṣù Keje

Ohun tí mi ò gbọ́ lónìí rèé.

Dókítà ní, "Méjì ti dúdú. Jẹ́ kí n gé méjèèjì, kò ní gba àkókò."

Ọ̀gá ní, "Rọra sọ̀rọ̀."

"Ludlow, mo bẹ̀ ọ́ ni."

"Wọn ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ṣèlérí fún mi."

Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì lọ láti kékeré. Nígbẹ̀yìn Dókítà ní òun ṣèlérí.

Mo wo Murdo. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo òrùlé.

Ọjọ́ 14, Oṣù Keje

A jáde lọ gé yìnyín tí a máa yọ́ mu. Níta, níbi tí kò sí àjẹ̀, mo ní kí a sọ̀rọ̀ náà.

"Ọ̀rọ̀ wo?" ni Murdo bi mí.

"O gbọ́ bí mo ṣe gbọ́."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìwọ náà ò gbọ́. Ogún ọdún lo ti jẹ oúnjẹ ọba, ṣé èmi ni mo máa wá kọ́ ọ?" Ó sọ àáké sílẹ̀. "Ṣé o fẹ́ wọlé lọ bá ọ̀gá ọkọ̀ ogun, kó o ní kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wò? Dókítà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ Dókítà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Nítorí pé ó mọ́gbọ́n dání ni mo ṣe gbà á, ọkàn mi kò sì balẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ 22, Oṣù Keje

Òtútù tó ń fọ́ eyín. Ọ̀gá ṣì ń jáde lọ wo ojú ọjọ́ lójoojúmọ́. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ó ń bú ọ̀nà pé kò tẹ́jú. Kò jẹ ẹran rẹ̀ tán mọ́. Ó máa ń ní kí n pín ìyókù fún Murdo, pé Murdo ni ebi máa ń pa jù. Murdo gba ẹran náà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ 29, Oṣù Keje

Àjẹ̀ kò dí imú. Ilé wa ti ń rùn láti ọjọ́ tí a ti dé: ọ̀rá, èéfín, ìbọ̀sẹ̀, àwa fúnra wa. Ṣùgbọ́n òórùn yìí yàtọ̀. Ó dùn díẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nínú yàrá aláìsàn ọkọ̀ ogun mọ̀ ọ́n.

Murdo fẹnu sí mi létí: "Ọ̀gá ò sọ pé a ò gbọ́dọ̀ gbóòórùn."

Ọjọ́ 2, Oṣù Kẹjọ

Mo gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tí mo ń pín ọbẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mò ń gbóòórùn nǹkan tó ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ yín."

Dókítà gbójú sókè kánkán, ó wò mí bí ẹni tó rí ọkọ̀ lójú omi.

"Ẹran tí mi ò jẹ tán ni," ni Ọ̀gá wí. "O ṣeun, Kitto. Jẹ́ ká da á nù."

Ó na ẹran náà sí mi. Ẹran náà dì gbagidi, kò lè rùn. Mo gbé e jáde, mo dà á nù nínú afẹ́fẹ́, mo sì sunkún níbẹ̀. Omijé ń dì mọ́ mi lójú. Ojo ènìyàn ni mí.

Ọjọ́ 4, Oṣù Kẹjọ

N ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà, Dókítà sọ fún Ọ̀gá ní ohùn jẹ́jẹ́ pé dúdú náà ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀, pé bó bá fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun kò ní rí ibi gé mọ́. Ọ̀gá ní kó fi òun sílẹ̀ kí òun sùn. Mo gbọ́ tí Dókítà ń fa imú.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi; ara mi ni mo fi mọ̀ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo rákò dé etí àjẹ̀. Mi ò kọjá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Kí ni, Kitto?"

"Mo gbọ́, sà."

"Kí lo gbọ́?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, sà. Láti oṣù tó kọjá. Mo gbọ́ ti ìka méjì, mo gbọ́ ìlérí tí Dókítà ṣe. Mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé bí ẹ ò bá jẹ́ kó gé e, ẹ máa kú."

Mo rò pé ó máa bú mi. Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Ṣó o mọ òfin tó o rú yẹn?" ni Ọ̀gá bi mí.

"Òfin yín ni, sà. Ẹ fìyà ẹ̀ jẹ mí nígbà tí a bá délé."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà di ìrora. "Ó dáa. Bí ìwọ bá gbọ́, èmi náà gbọ́. Nínú Oṣù Karùn-ún, lọ́jọ́ tí mo gé bisikíìtì. 'Bí ọ̀kan nínú wọn bá yarọ...' Ṣé kí n parí ẹ̀?"

Murdo ní "Yéè!" lẹ́yìn mi.

"Ìwọ lo ní Àmín, Kitto. Ohùn orin ìyìn yẹn, mi ò lè ṣì í mọ̀."

Ó ní òun kò bínú, òun fúnra òun ló ní ká sọ ohun tó bá wù wá. Ó kàn rò ó ni pé ẹni tí wọ́n bá gé lẹ́sẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù ló máa gbé e, àwọn mẹ́ta náà kò sì lókun. Òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ òun rìn títí ọkọ̀ á fi bọ́ sómi.

Murdo ló kọ́kọ́ kọjá àjẹ̀. Kò rákò, ńṣe ló ju ara rẹ̀ síbẹ̀, ó di ọwọ́ Ọ̀gá mú.

"Ebi ló ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, sà! Ebi ni! Ẹ̀ bá bú mi! Ẹ̀ bá pàṣẹ pé kí n pa ẹnu mi dé!"

"Mi ò gbọ́ ọ, Murdo. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá ọ lóhùn?"

Murdo ń sunkún bí ọmọdé. Ẹyin lọ̀rọ̀, a jọ rí i bó ṣe fọ́, kò sì sẹ́ni tó lè kó o. Nígbà tó ṣe, Ọ̀gá ní, "Fenwick, gé e."

Dókítà dojú kọ mí. Mi ò rí i kó bínú rí. "Bẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ nínú Oṣù Keje, ìka méjì péré ni ǹ bá gé." Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi náà. Èmi náà, Kitto."

Ọjọ́ 5, Oṣù Kẹjọ

Oògùn tó ń múni sùn kò ṣiṣẹ́ nínú òtútù. A tan gbogbo fìtílà, a sun ọ̀rá tó yẹ kó bá wa dé Oṣù Kẹsàn-án, títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ara ọkọ̀ lé wa lórí bí òjò. Èmi di fìtílà mú. Murdo di ẹsẹ̀ mú, ó ń kọ sáàmù ní èdè ìyá rẹ̀. Ọwọ́ Dókítà kò gbọ̀n. Ó gé e lókè ọrùn ẹsẹ̀. Mi ò ní kọ ohun tí mo rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọ̀gá lajú. "Augusta, ṣé ìwọ nìyẹn?" ló wí. Murdo jáde síta.

Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹjọ

Ó mu ọbẹ̀. Ibà rọlẹ̀. Murdo fẹ́ gbé àjẹ̀ náà jù síta, Ọ̀gá kò gbà. "Níbo lo ti máa bú mi?" ló bi í. Àjẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kàn ń fò ó kọjá ni bí ẹní fo ìloro ilé rẹ̀. Èmi ni mò ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá báyìí, nítorí ara mi ló gbóná jù.

Ọjọ́ 19, Oṣù Kẹjọ

Oòrùn! Ó yọ orí díẹ̀, ó sì padà. A gbé Ọ̀gá dé ẹnu ọ̀nà kó wò ó. Ojú wa lójú ìmọ́lẹ̀ burú ju bí mo ṣe rò lọ. Murdo ní òun fẹ́ òkùnkùn padà.

Ọjọ́ 17, Oṣù Kẹsàn-án

Ojú ọgbẹ́ kò pa dé. Ibà ń lọ, ó ń bọ̀. Ṣúgà ti tán, ọjà ti túká. Ẹran ajá-òkun nìkan ló kù, a sì ń jẹ ẹ́ ní tútù nítorí ọ̀rá kò tó. Ọ̀gá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìràwọ̀ mọ ọ̀nà, ó ní kí ẹlòmíì mọ̀ ọ́n. Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á.

Ọjọ́ 8, Oṣù Kẹwàá

Lójú oorun ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó jí, mo sọ fún un pé mo gbọ́. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ 27, Oṣù Kẹwàá

Ìjì ọjọ́ mẹ́ta ti gbá yìnyín kúrò lẹ́nu òkun. Omi dúdú ló wà títí dé ibi tí ojú wa dé. A wó ilé wa, a yí ọkọ̀ padà, àwa mẹ́ta wọ́ ọ dé etí omi láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Dókítà ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà Murdo bẹ̀rẹ̀, ó ní kí Ọ̀gá gun òun lẹ́yìn. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ó pọ̀n ọ́n lórí òkúta àti yìnyín, kò sinmi lọ́nà.

"Mo wúwo, Murdo."

"Ẹ dákẹ́, sà. Ọ̀nà ni mò ń wò."

Àjẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la nílò. Ọ̀gá fi ọ̀kan tọ́ ọkọ̀ láti ìdí, a fi aṣọ ìgbòkun so ó mọ́ ìjókòó kó má bàa ṣubú.

Ilé Pákó, ọjọ́ 30, Oṣù Kẹwàá

A dé. Àwọn tó wà níhìn-ín kò mọ̀ wá. Ẹnì kan tilẹ̀ bi wá pé ta ni wá. Wọ́n ní àwọn ti ka wa mọ́ òkú láti Oṣù Kẹrin. Búrẹ́dì gbígbóná, bọ́tà, ọṣẹ. Mo jẹ títí mo fi bì í.

Wọ́n gbé Ọ̀gá àti Dókítà lọ sí ìhà ti àwọn ọ̀gá. Àpótí oúnjẹ tí wọ́n tò dé òrùlé ló pín ilé náà. Èmi àti Murdo wà níhìn-ín pẹ̀lú àwọn atukọ̀. Ibùsùn mi rọ̀ jù, mi ò rí oorun sùn.

Ọjọ́ 1, Oṣù Kọkànlá

Mo bèèrè bóyá mo lè lọ wo Ọ̀gá. Kapteni fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn. "O ti ṣe tìrẹ, Kitto. Jẹ́ kó sinmi. Àwọn dókítà méjì wà lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

Ọjọ́ 4, Oṣù Kọkànlá

À ń mu tíì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán lánàá, àwa mẹ́jọ nídìí tábìlì, nígbà tí Ọ̀gá pè mí láti òdìkejì àpótí.

"Kitto."

Ohùn náà kò lágbára, ṣùgbọ́n àpótí lásán ló wà láàárín wa. Gbogbo tábìlì gbọ́ ọ. Ọ̀kan wo inú ife rẹ̀. Òmíràn ní tíì ti ń tutù. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń hù, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Mo retí kí wọ́n wá pè mí láti ọ̀hún. Kò sẹ́ni tó wá.

"Kitto."

Mo dìde. Murdo náà dìde pẹ̀lú mi, ó fi ẹsẹ̀ ti àga rẹ̀ sẹ́yìn kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ. Mo gba ẹ̀gbẹ́ àpótí kọjá. Kapteni dúró lójú ọ̀nà.

"Ta ló pè ọ́?"

"Òun ni, sà."

"Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ."

"Èmi gbọ́, sà."

Kapteni wo Dókítà Fenwick. Fenwick ní, "Ẹ jẹ́ kó kọjá." Kapteni yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ojú Ọ̀gá ti wọnú, ètè rẹ̀ ti bó. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí mo ṣe máa ń jókòó, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì mú ọwọ́ rẹ̀. Ó tutù. Murdo dúró lẹ́yìn mi, ó ń mí bí ẹni tó sáré wá.

"Kitto, kí ni wọ́n ń sọ nípa mi lọ́hùn-ún?"

Mo lè purọ́ fún un. Mo lè sọ pé wọ́n ń yìn ín, tàbí pé wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ imú rẹ̀. Inú rẹ̀ ì bá dùn sí èyí kejì.

"Wọn ò sọ nǹkan kan, sà. Wọ́n ń gbọ́ yín ni."

Ó mi orí, ó sì ní kí n sún mọ́ òun, òtútù ń mú òun. Mo gun orí ibùsùn ọ̀gá náà, mo dùbúlẹ̀ tì í, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dìde. Ó kú ní kùtùkùtù òní.